Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Kí N Tó Ya Fótò Àyà

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ikọ́ ife ni ó wà ní àyà yín, ẹ̀yin ni mo ń kọ ìwé yìí sí. Mo mọ bí ẹ ṣe jáde kúrò nínú yàrá náà. Mo mọ̀ pé ẹ dojú káàdì yín dé àyà, kí ẹni tí ó jókòó tì yín má baà rí ohun tí wọ́n kọ sí i. Káfíńtà ni mí. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà ní Ìkìrun kí bàbá mi tó fi mí sẹ́nu iṣẹ́; Bíbélì Yorùbá ni ó kọ́ mi ní ìyókù. Bí gbólóhùn kan bá wọ́ nínú ìwé yìí, ẹ bá mi tò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fo ìkankan, nítorí èmi yè, ẹnì kan kò sì yè, ohùn mi sì wà nínú ohun tí ó pa á.

Ní ọdún kejì tí àwọn ológun padà gba ìjọba ni ó bẹ̀rẹ̀. Yàrá kan ni èmi, Ìyá Káyọ̀dé aya mi, àti ọmọ wa méjì ń gbé ní Mazamaza. Abẹ́ ìbòrí páànù kan ní Amuwo ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń gbé ní Festac ni ó pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, nítorí ọ̀rinrin ti mú ilẹ̀kùn fúláàtì wọn wú, wọn kò ṣeé tì mọ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, lẹ́búlẹ́bú pákó ni mo dá lẹ́bi. Káfíńtà wo ni kì í wúkọ́? Mo ń fi aṣọ bo imú, mo ń lá epo pupa ní àràárọ̀. Oṣù kan kọjá, ikọ́ kò lọ. Ara mi ń gbóná ní ìrọ̀lẹ́. Òógùn ń bò mí lójú oorun tó bẹ́ẹ̀ tí aya mi fi ń sá ẹní wa sóòrùn lójoojúmọ́. Ṣòkòtò tí mo fi ń ṣiṣẹ́ kò dúró ní ìdí mi mọ́, mo fi okùn dì í.

Ní ọjọ́ kan, mo ń fá ilẹ̀kùn fún obìnrin kan ní Festac, ikọ́ dé, mo sì hú u sórí pákó funfun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ẹ̀jẹ̀ ni. Mo yára fi rándà fá ojú pákó náà kúrò kí onílé tó jáde. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ purọ́ nípa àìsàn yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbọ́, ó sì wá láti Ìkìrun pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àgbo mẹ́ta.

"Ikọ́ kì í pa ará ilé wa," ni ó wí. "Ẹni tí ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ní Èkó níbí ni kí o wá. Dìde, jẹ́ ká lọ sílé."

Aya mi dá a lóhùn láti ìdí sítóòfù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń wò ó ò rí nǹkan kan wò mọ́. Egungun ló kù. Ilé ìwòsàn là ń lọ."

"Ìyàwó, àbúrò mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mò ń fọ aṣọ rẹ̀."

A gba àgbo lọ́wọ́ rẹ̀, a dúpẹ́, a sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n tọ́ka wa sí jìnnà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni a ti ní láti kúrò ní Mazamaza kí a lè gba nọ́ńbà. Bẹ́ǹṣì gígùn ni a ń jókòó lé. Bí wọ́n bá pe ẹni iwájú, gbogbo wa á fi ìdí wọ́, a ó sún díẹ̀, a ó tún dúró. Lórí bẹ́ǹṣì náà ni mo ti mọ Àǹtí Bísí. Aránṣọ ni ní Satellite Town, ọkọ rẹ̀ ń wa táńkà epo. Irú àìsàn tèmi gan-an ni tirẹ̀, ọjọ́ kan náà sì ni a bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Ìṣó kan yọ orí jáde lára bẹ́ǹṣì náà, ó sì ń mú ènìyàn.

"Bọ̀dá Káfíńtà," ni ó máa ń wí, "bẹ́ǹṣì yìí ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ìṣó yìí ti ń gún wa lábẹ́rẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó dé."

Gbogbo bẹ́ǹṣì á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á sì di ikọ́.

Olórí àwọn nọ́ọ̀sì, tí gbogbo wa ń pè ní Sístà, kó wa jọ ní ọjọ́ kìíní, ó sì bá wa sọ̀rọ̀ bí ìyá tí ó ti ń bínú kí a tó ṣẹ̀. Abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ fún oṣù méjì. Lẹ́yìn náà, oògùn oníhóró títí ọdún kan àbọ̀ yóò fi pé. "Ara yín á yá kí àìsàn náà tó kú," ni ó wí. "Ẹ gbọ́ mi o. Ibẹ̀ yẹn gan-an ló ti ń pa èèyàn." Mo gbọ́. Èmi kò lè sọ pé n kò gbọ́. Nígbà tí oògùn tán ní ilé ìwòsàn tí a ní láti máa rà á níta, mo ta ayùn oníná mi, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, mo ń lọ sí ìjọ kan tí ń péjọ nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé ní Amuwo. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Pásítọ̀ wa mọ Bíbélì wàásù. Bí ó bá ń sọ nípa Òkun Pupa, bí omi ṣe dìde dúró bí ògiri ní ọ̀tún àti ní òsì, ènìyàn á fẹ́ ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Bí ó bá dé orí odi Jẹ́ríkò, mo máa ń di àga iwájú mi mú, nítorí mo mọ ohun tí ó ń gbé ògiri dúró, mo sì mọ̀ pé igbe lásán kì í wó o. Mo nífẹ̀ẹ́ àwọn iṣẹ́ ńlá Ọlọ́run wọ̀nyí, mo ṣì nífẹ̀ẹ́ wọn. Èmi ni mo pe Àǹtí Bísí wá síbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: èmi ni mo pè é.

Ìjọ náà ní àṣà kan. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kẹ́yìn oṣù, àwọn ènìyàn a máa jẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rí ìgbàgbọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí o dúpẹ́ kí o tó rí i, kí o sọ pé ó ti ṣe kí ó tó ṣe. Ẹni tí ó bá dúró kí ojú rẹ̀ rí i ná, wọ́n á ní ọmọ Tọ́másì ni. Nígbà tí abẹ́rẹ́ mi parí, ikọ́ dẹ̀, mo ń jẹun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń padà bọ̀. Pásítọ̀ rí mi lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn.

"Bàbá Káyọ̀dé! Ara yín ti ń dán. Kí lẹ tún ń dúró dè?"

"Wọ́n ní kí n wá ya fótò àyà lọ́jọ́ Ajé lẹ́yìn Ìsinmi tó ń bọ̀, sà. Kí wọ́n lè mọ ibi tó kù sí."

"Fótò!" Ó wo àwọn tí ó dúró tì wá. "Ẹ bá mi bi í: ta ló ya fótò fún Lásárù?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo sì gbà pé kí wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún ọjọ́ Ìsinmi náà.

Àǹtí Bísí ni ó rán aṣọ funfun tí mo fi ṣe ìdúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tún ti Ìkìrun wá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, bí mo ti ń wẹ̀, ikọ́ kan mú mi, ó sì mú ẹ̀jẹ̀ jáde, tín-ínrín bí fọ́nrán òwú. Mo wò ó. Mo da omi lé e. Mo wọ aṣọ funfun, mo lọ.

Ohun tí mo sọ sínú máíkì nìyí, n kò ní fi kún un, n kò sì ní yọ kúrò: "Ikọ́ ti lọ pátápátá. Olúwa ti fún mi ní ẹ̀dọ̀fóró tuntun. Ẹ wo oògùn tí mò ń lò!" Mo da gbogbo oògùn mi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi níwájú pẹpẹ. Ìjọ dìde. Igbe halelúyà náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé òdìkejì fi yọjú lójú fèrèsé. Mo jó títí òógùn fi bò mí. Wọ́n gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìwàásù Pásítọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á lẹ́nu ọ̀nà.

Aya mi nìkan ni kò dìde. Nígbà tí a ń lọ sílé, ó ní, "Bàbá Káyọ̀dé, èmi ni mo fọ balùwẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo rí i."

"Kí lo rí?"

"Ohun tí ẹ da omi lé."

Ọjọ́ Ajé dé, n kò lọ ya fótò.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, Àǹtí Bísí sáré bá mi lábẹ́ igi tí ó wà níwájú gbọ̀ngàn. Ojú rẹ̀ ń tàn. "Bọ̀dá Káfíńtà, tèmi náà ti wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì o! Ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ omi dà."

Àkókò wà. Kò sí ẹnì kankan ní ẹ̀gbẹ́ wa. Mo lè sọ fún un pé mo wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo jẹ́ ẹ̀rí gan-an. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì ní, "Olúwa ṣeun." Nínú gbogbo ohun tí mo ti fi ẹnu mi sọ láyé, ọ̀rọ̀ méjì yìí ni ó wúwo jù lọ́rùn mi, ọ̀rọ̀ rere sì ni wọ́n.

Kí oṣù márùn-ún tó pé, mo ṣubú lulẹ̀ lórí pákó tí mo ń là. Aya mi àti káfíńtà méjì ni wọ́n gbé mi padà sí ilé ìwòsàn. Sístà wá káàdì mi títí, ó rí i ní ìsàlẹ̀ gbogbo káàdì yòókù.

"Káfíńtà. A ti kà ọ́ mọ́ òkú. Níbo lo wà?"

Mo sọ fún un. Ó jókòó sórí àga. Kristẹni ni òun náà.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ní kí Náámánì ri ara rẹ̀ sínú odò?"

"Ẹ̀ẹ̀méje, mà."

"Ìwọ ri ẹ̀ẹ̀kan, o jáde, o wọ aṣọ funfun, o lọ ń jó. Ṣé odò ni kò lágbára ni, àbí ìwọ?" Ó dìde. "Máa bọ̀. Ẹnì kejì rẹ wà ní wọ́ọ̀dù."

Àǹtí Bísí ni. Kò sí nǹkan kan lórí bẹ́ẹ̀dì náà ju ojú méjì lọ. Mo jókòó. Ó pẹ́ kí ó tó rí èémí tí yóò fi sọ̀rọ̀.

"Bọ̀dá Káfíńtà. Lọ́jọ́ yẹn... ṣé ikọ́ yẹn ti lọ lóòótọ́?"

Mo ní, "Rárá. Mo wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn."

Ó di ojú. Mo rò pé yóò ṣépè fún mi, mo sì ti ṣe tán láti ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ ni pé, "Ẹ ṣeun. Mo ti ń rò pé ìgbàgbọ́ tèmi ni kò tó." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti kú.

Ní ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìnkú, Pásítọ̀ dúró lórí pẹpẹ, ó ní àìgbàgbọ́ ni ó mú arábìnrin wa lọ, pé ó padà sí ilé ìwòsàn bí aya Lọ́ọ̀tì ṣe bojú wẹ̀yìn. Aya mi ni ó gbọ́ ọ, òun ni ó sọ fún mi. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi lè gbé mi, mo lọ bá Pásítọ̀ nínú yàrá tí ó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní máíkì fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré.

"Ẹ̀rí tí a bá ti jẹ́ fún Ọlọ́run, a kì í gbà á padà," ni ó wí. "Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn aláìgbàgbọ́ fi agbára Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́yà ni?"

"Èmi ni mo purọ́, sà, kì í ṣe Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́."

"Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ti ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́."

"Ó ran Àǹtí Bísí lọ́wọ́ dé sàréè."

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Mo ní, "Pásítọ̀, gíláàsì yẹn ńkọ́? Ọjọ́ wo ni tiyín máa wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì?"

Àwọn tí ń tọ́jú ẹnu ọ̀nà mú mi jáde. Wọ́n fà mí lápá, èmi ẹni tí kò tí ì lè mí délẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún lọ bá àwọn àgbà ìjọ, mo sì kọ lẹ́tà sí wọn. Èsì tí mo gbà ni pé wọ́n ti yọ orúkọ mi kúrò. Ẹ̀tọ́ méjì ni mo ń béèrè títí di òní: kí wọ́n dáwọ́ títa kásẹ́ẹ̀tì náà dúró, kí wọ́n sì dúró lórí pẹpẹ kan náà kí wọ́n sọ pé Adébísí kì í ṣe aláìgbàgbọ́. Bí ilé ẹjọ́ bá wà fún irú ọ̀ràn yìí, mo mọ̀ pé èmi ni ẹlẹ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi nìkan ni ẹlẹ́jọ́.

Sístà tún bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì pẹ́ jù ú lọ. Mo tún ka Bíbélì mi lórí bẹ́ǹṣì náà, lọ́tẹ̀ yìí mo kà á bí ẹni tí ń wọn pákó. Mo kà nípa adẹ́tẹ̀ tí Jésù wò sàn, tí Ó ní kí ó lọ fi ara rẹ̀ han àlùfáà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo kà nípa Èlíjà, tí ó da omi sórí ẹbọ nígbà mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ó fi iná pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Agbára Ọlọ́run kò bẹ̀rù kí a yẹ òun wò. Èmi ni mo bẹ̀rù. Nígbà tí mo dé Òkun Pupa, mo rí ohun tí n kò rí ní gbogbo ọdún tí a ti ń wàásù rẹ̀ fún mi. Ọlọ́run ni ó la òkun, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn ín dé òpin. Míríámù kò mú ìlù jó ní àárín òkun. Ó dúró di etí òkun kejì. Àárín òkun ni èmi ti dúró jó, mo sì pe obìnrin kan wá bá mi jó níbẹ̀, omi sì padà.

Ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ ni mo bẹ̀rù jù láti lọ. Mo lọ. Ó wà nílé ní Satellite Town, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tí wọ́n ti ń gbé epo dé. Ẹ̀rọ ìránṣọ aya rẹ̀ wà ní igun yàrá, wọ́n fi aṣọ bò ó. Mo dọ̀bálẹ̀, n kò sì dìde títí mo fi sọ gbogbo rẹ̀ tán, láti orí ẹ̀jẹ̀ inú balùwẹ̀ dé orí "Olúwa ṣeun".

Ó wọ inú yàrá kejì, ó mú tẹ́ẹ̀pù àti kásẹ́ẹ̀tì kan jáde. "Òun ló rà á," ni ó wí. "Ó máa ń gbọ́ ọ tó bá ń ránṣọ." Ó tẹ̀ ẹ́. Ó mú kí n gbọ́ ohùn ara mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí ni ìyà kan ṣoṣo tí ó fi jẹ mí.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìwọ lo sọ ọ́. Ìwọ ni kó o fi ẹnu ara rẹ bò ó." Ó ṣí àpótí aya rẹ̀, ó gé pílásítà tí obìnrin náà fi ń lẹ ibi tí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́, ó fi dí ihò tí ó wà ní orí kásẹ́ẹ̀tì náà, kí ó lè gba ohùn tuntun. Ó yí i padà sí ibi tí ẹ̀rí mi ti bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e sí mi lẹ́nu.

Mo sọ pé mo purọ́. Mo sọ pé ikọ́ kò tí ì lọ, pé n kò tí ì ya fótò. Mo sọ nípa Míríámù àti etí òkun kejì. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe da oògùn rẹ̀ nù nítorí mi. Mo sì ní, "Adébísí gbàgbọ́. Ohun tí ó gbàgbọ́ ni kò jẹ́ òótọ́, ẹnu mi ni ó sì ti gbọ́ ọ." N kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ dúró.

Nígbà tí a tún gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ mi kúrú ju ẹ̀rí àtijọ́ lọ. Bí mo ṣe sọ gbólóhùn tí ó kẹ́yìn tán, igbe ìjọ ti ọjọ́ náà tú jáde láti ibi tí ohùn tuntun kò dé: Halelúyà! Halelúyà! Mo na ọwọ́ kí n pa á rẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Fi í sílẹ̀," ni ó wí. "Ibi tó yẹ kí wọ́n ti kígbe nìyẹn."

Ní báyìí, mo ti lo oògùn mi dé òpin. Mo ti ya fótò lẹ́ẹ̀mẹta, Sístà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí káàdì mi pé kò sí mọ́. Àpá wà ní ẹ̀dọ̀fóró mi ọ̀tún. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn fúláàtì ní Festac, ní àjà kejì mo gbọ́dọ̀ dúró mí. Mo ṣì ń fá ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó ń la pákó fún mi. Ìjọ náà kò tí ì dá mi lóhùn, mo sì gbọ́ pé wọ́n ṣì ń ta kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ní Mazamaza. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn káfíńtà kan nínú rẹ̀ tí ó ń dúpẹ́, èmi ni. Ẹ má ṣe gbà á gbọ́.

Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, mo ń lọ jókòó pẹ̀lú àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì. Mo ti gbá ìṣó ara bẹ́ǹṣì náà wọlé. Sístà a máa tẹ kásẹ́ẹ̀tì Àǹtí Bísí, tí ọkọ rẹ̀ fún mi mú wá, fún wọn láàárọ̀, kí nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó wọlé. Bí ó bá dé òpin, igbe halelúyà náà á jáde, ẹnì kan tàbí méjì á rọra dáhùn nínú ikọ́ wọn. Nígbà náà ni wọ́n á pe nọ́ńbà kan, ẹni iwájú á dìde lọ ya fótò àyà rẹ̀, gbogbo wa á sì sún.